Ẹ Bi Wá: Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní báńkì kékeré kan n'Íbàdàn. Láàárín ọdún kan, àwọn méjì tó ń ṣọ́ ààbò ẹ̀rọ wa ti jápa. Oṣù mẹ́ta la ti ń kéde iṣẹ́ náà: ẹni tó ní CISSP (sátífíkéètì àgbà lórí ààbò kọ̀ǹpútà), tó sì ti lo ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó yọjú. Kí la lè ṣe? — Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìkéde yín gan-an ló ń lé wọn sá. CISSP kì í ṣe sátífíkéètì ọmọṣẹ́. Ọdún 5 ni èèyàn gbọ́dọ̀ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kí ISC2, àjọ tó ni sátífíkéètì náà, tó fún un (ẹni tó ní dìgírì lè rí ọdún 1 yọ nínú rẹ̀). Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò ní jókòó ti àkọsílẹ̀ ìwọlé lóru fún owó tẹ́ ẹ fẹ́ san. Ẹni kan tó gbó nínú iṣẹ́ tó fún yín, kó máa ṣe ìpinnu. Ọmọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìyókù.

Ẹ má sì wá ọmọṣẹ́ yẹn lọ jìnnà. Ẹni tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ yín yí pásíwọ́ọ̀dù padà lójoojúmọ́ ti mọ ẹni tó máa ń wọlé láti Ṣakí àti ẹni tí kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lẹ́yìn aago 5. Ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan. Ẹ fún un ní wákàtí 10 lọ́sẹ̀, láàárín àkókò iṣẹ́, fún oṣù 6: méjì fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àkọsílẹ̀ Windows òun Linux, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, méjì tí yóò fi máa dá yanjú ọ̀ràn kí ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: wọ́n á ní kó kẹ́kọ̀ọ́, wọn ò ní gba iṣẹ́ kankan kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó há á ti gba gbogbo wákàtí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti òru. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣe 40, ẹni 4 ò lè gba àga kan ṣoṣo tọ̀sán tòru. Ẹ fi àìsàn àti ìsinmi kún un, ó di 5 tàbí 6. Ẹni 2 péré lẹ ní kí wọ́n tó jápa. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ lóru, ẹ̀yin lẹ bá wọn san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ gbé iṣẹ́ òru fún ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ̀pọ̀ oníbàárà ṣọ́ ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: ta ni wọ́n máa pè, láàárín ìṣẹ́jú mélòó, ẹ̀rọ wo sì ni wọ́n lè pa láìbéèrè? Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí, tí ìwífún oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. Ẹni yín tó rí i ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó wá fi í di aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ti jẹ wákàtí 57 nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: ND kọ̀ǹpútà ni mo ní. Mo gba sátífíkéètì mẹ́ta nípa ààbò kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìrírí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń béèrè. RAM láàpútọ́ọ̀pù mi jẹ́ 8 GB. Báwo ni mo ṣe lè ní ìrírí náà? — Ọmọbìnrin Òṣogbo

Ìdáhùn: Ọmọ wa, má tíì ra ẹ̀kẹrin. Má sì gbé Wazuh (ètò tó ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ jọ láti wá ìkọlù) sórí ẹ̀rọ yẹn. Sáfà rẹ̀ nìkan fẹ́ nǹkan bí 8 GB. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Fi VirtualBox (ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sílẹ̀ nínú láàpútọ́ọ̀pù) sí i, kí o fi dá Ubuntu Server (irú Linux kan) méjì sílẹ̀, 2 GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá fi wọ́n sílẹ̀ sórí NAT, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí VirtualBox máa ń yàn fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì máa gba àdírẹ́sì 10.0.2.15, wọn ò sì ní rí ara wọn. Host-only, tó ń jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn, ni kó o yàn.

Láti orí ọ̀kan, fi ssh (àṣẹ tí èèyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì láti òkèèrè) wọ èkejì pẹ̀lú orúkọ tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó o máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí kì í ṣe òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń béèrè nígbà kan. Ìgbà 5 á fún ọ ní 15. Wá fi èyí tó tọ̀nà wọlé. Lórí èkejì yẹn, ṣí /var/log/auth.log, níbi tí àkọsílẹ̀ ìwọlé wà, wá "Failed password" àti "Accepted password". Ìlà tí wàá kà lè má pé 15, torí Ubuntu máa ń ká àwọn tó jọra pọ̀: "message repeated 2 times". Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ka ìkọlù kù.

Kọ ìdajì ojú ewé lórí rẹ̀: àdírẹ́sì wo, aago mélòó, ìgbà mélòó, ṣé ó wọlé, kí ló kàn? Tún un ṣe lórí Windows, tó ń fi nọ́ńbà sàmì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: 4625 ni ìwọlé tó kùnà, 4624 ni èyí tó yege. Tí o bá ń wá ẹni tó ń gba RDP (ọ̀nà tí èèyàn fi ń lo Windows láti òkèèrè) wọlé, má wo Logon Type (nọ́ńbà tó ń sọ irú ìwọlé) 10 nìkan. Níbi tí NLA bá wà, ìyẹn kí Windows yẹ pásíwọ́ọ̀dù wò kó tó ṣí RDP fún èèyàn, Type 3 ni èyí tó kùnà sábà máa ń jẹ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ 10 lọ́wọ́ rẹ ni kó o gbé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè dán ìkànnì báńkì mi wò, kí n fi ihò tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n gbà mí síṣẹ́? — Ọ̀dọ́, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá o. Wíwọ ẹ̀rọ ẹlòmíì láìgbàṣẹ lè sọ ọ́ dèrò ẹ̀wọ̀n lábẹ́ Cybercrimes Act ti 2015. Ẹ̀rọ tìrẹ, tàbí ti ẹni tó fún ọ láṣẹ lákọsílẹ̀, ni kó o dán wò.