Ẹni tó ń ta fóònù jù lè má jẹ́ ẹni tó ń jèrè jù: ta ni kí ẹni tó fẹ́ ra fóònù gbọ́kàn lé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra fóònù tuntun, mo sì fẹ́ kó tó ọdún márùn-ún lọ́wọ́ mi. Èyí tí mo rà kẹ́yìn, kò tíì pé ọdún méjì tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi kéde pé àwọn ò ṣe fóònù mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra ti ẹni tó ń tà jù láyé, pé ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá kì í kógbá sílé. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé Apple nìkan ló ń rí jẹ nídìí fóònù, àwọn yòókù kàn ń làágùn lásán ni. Ó fi ìròyìn kan láti ọdún 2015 hàn mí, níbi tí wọ́n ti ní Apple kó ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún èrè, tí Samsung sì kó ìdá 15. Mo rò ó pọ̀, ó di 107! Ìṣirò wo nìyẹn? Tí òótọ́ bá sì wà níbẹ̀, kí ló dé tí àwọn tí kò jèrè ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Èwo gan-an ni kí n rà?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti 107 yẹn, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́. Canaccord Genuity, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan, ló ṣírò èrè àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ńlá mẹ́jọ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2015. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ro èrè àti àdánù pọ̀ sójú kan. Ká ní ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà: èkíní jèrè mílíọ̀nù 9, èkejì jèrè mílíọ̀nù 3, ẹ̀kẹta pàdánù mílíọ̀nù 2. Tí ẹ bá ro èrè pọ̀, tí ẹ yọ àdánù kúrò, mílíọ̀nù 10 ló ṣẹ́kù. Nínú 10 yẹn, èkíní ní 9, ìyẹn ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ní 3, ìyẹn ìdá 30. Ó ti di 120. Ìdá 20 tó lé yẹn, àdánù ẹ̀kẹta ni. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá rí irú ìṣirò yìí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ẹnì kan ń pàdánù níbì kan. Ìpín Apple sì lè lọ sókè láìjẹ́ pé owó kankan kún tirẹ̀, tí àdánù àwọn yòókù bá ṣáà ti pọ̀ sí i. Àwọn oníròyìn kì í sábà sọ ìyẹn.

Nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Counterpoint Research, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣèwádìí ọjà fóònù, ṣírò pé ní ọdún 2022, nínú ọgọ́rùn-ún fóònù tí wọ́n kó jáde lágbàáyé, 18 péré ni ti Apple. Nínú owó tó wọlé, ìdá 48 ni tirẹ̀. Nínú èrè, ìdá 85. Èmi kì í fi irú nọ́ńbà yìí búra, torí ìfojúdíwọ̀n pọ̀ nínú rẹ̀: Apple ti dẹ́kun sísọ iye iPhone tó ń tà láti òpin ọdún 2018, Samsung sì máa ń ro owó fóònù pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí hàn kedere.

Ọ̀rẹ́ yín wá ńkọ́? Nokia ni ìdáhùn sí tirẹ̀. Ọdún 14 gbáko, títí di 2012, Nokia ló ń ta fóònù jù láyé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ó ti ń kéde pé òun fẹ́ ta ẹ̀ka fóònù òun fún Microsoft, pẹ̀lú àṣẹ láti lo àwọn ìhùmọ̀ rẹ̀, ní bílíọ̀nù 5.44 owó yúrò. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún 2015, Microsoft fúnra rẹ̀ ti pa bílíọ̀nù 7.6 dọ́là rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò yẹn, ó sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró.

Ti LG ló sún mọ́ ẹjọ́ yín jù. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n kéde pé àwọn ń fi òwò fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọjà wọn ò tà o. Ní Amẹ́ríkà, Apple àti Samsung nìkan ló wà níwájú wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣírò owó, ìgbà 23 léraléra ni ẹ̀ka fóònù wọn fi pàdánù, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 dọ́là. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò fara sin. Gbangba ni ìwé ìṣirò náà wà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ní 2019 á ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn tó ra àwọn fóònù wọn tó gbówó lórí pé wọ́n á rí ẹ̀yà Android tuntun gbà títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó ra èyí tó pọ́ọ́kú ò rí ìlérí tó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pín àtúnṣe (update) fún àwọn fóònù náà.

Kí ló wá fa irú àlàfo yìí láàrin wọn? Ẹ tú fóònù Android méjì palẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe wọ́n. Chip tó jẹ́ ọpọlọ inú wọn, ọ̀dọ̀ Qualcomm tàbí MediaTek ló ti sábà máa ń wá. Gíláàsì ojú rẹ̀ tó ń tàn, Samsung tàbí BOE ti Ṣáínà ló ṣe é. Ohun tí kámẹ́rà fi ń ríran, Sony tàbí Samsung. Android tó ń darí gbogbo rẹ̀, Google ló ni ín. Nígbà tí inú bá jọ inú báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi gba oníbàárà lọ́wọ́ ara wọn bí kò ṣe iye owó? Ẹnì kan dín tirẹ̀, ẹnì kejì dín tirẹ̀. Ẹnì kan fi kámẹ́rà mẹ́ta sí i, ẹnì kejì fi mẹ́rin. Oníbàárà ń gbádùn, èrè ń tán. Qualcomm á sì tún gba tirẹ̀ lọ́tọ̀: lẹ́yìn owó chip, ó ń gba owó lílo àwọn ìhùmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò lórí iye tí wọ́n ta odindi fóònù, kódà bí chip inú rẹ̀ kì í bá ṣe ti Qualcomm. Ẹni tó bá sì ti inú Android kan bọ́ sí òmíràn ò pàdánù ohun kan. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, áàpù tó ti sanwó fún, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Apple ò sí nínú ìjà yẹn. Láti iPhone 4 ní ọdún 2010 ló ti ń ya àwòrán chip tirẹ̀ fúnra rẹ̀, iOS tó ń darí iPhone sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ti lè rí i, iye tó bá pè é ni.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni owó tó ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti gbé fóònù délé. Ẹ wo ìwé Apple fún ọdún ìṣúná 2024. Nínú bílíọ̀nù 391 dọ́là tó wọlé, iPhone mú bílíọ̀nù 201 wá. App Store, iCloud, Apple Music àti irú wọn mú bílíọ̀nù 96 wá, kò tilẹ̀ tó ìdajì ti iPhone. Ó dáa, ẹ wá yọ ohun tó ná wọn láti pèsè ọjà náà kúrò. Lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là tí àwọn ẹ̀rọ mú wá, nǹkan bíi 37 ló ṣẹ́kù. Lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là ti App Store àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nǹkan bíi 74 ló ṣẹ́kù. Lára owó yìí ni èyí tí Google ń san kó lè jẹ́ pé òun ni Safari, áàpù tí iPhone fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń lò tí ẹ bá tẹ ohun tí ẹ ń wá sí i. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́, ó hàn nínú ìwé kóòtù pé bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple lórí èyí ní ọdún 2022 nìkan. Kò sí ilé ìtọ́jú ẹrù níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó gbé ọjà. Ẹ ṣáà ń wá nǹkan lórí fóònù yín, owó ń wọlé fún wọn.

Ìdí nìyẹn tí Apple ò fi ń kánjú pa fóònù àtijọ́ tì. iPhone XR jáde ní 2018. Ní 2024, ó ṣì gba iOS 18. Inú rere wọn kọ́ ni mo ń sọ o. Ẹni tó ń lo iPhone ọlọ́dún mẹ́fà ṣì ń ra àyè sí i lórí iCloud, ó ṣì ń fi Safari wá nǹkan.

Èyí náà ló dáhùn ìdí tí àwọn yòókù ò fi sá. Ọ̀pọ̀ wọn ò fojú sí èrè orí fóònù fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Lei Jun tó wà lára àwọn tó dá Xiaomi sílẹ̀ kéde pé èrè tí ilé-iṣẹ́ náà máa jẹ lórí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rí ìyókù. Bí ẹ bá ti lo ọ̀kan nínú àwọn fóònù wọn tó pọ́ọ́kú rí, ojú yín á ti rí i: ẹ ṣí áàpù tí a fi ń to fáìlì, ìpolówó á yọjú, ẹ fi áàpù tuntun sí i, fóònù á ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó léwu, ìpolówó á tún wà lábẹ́ àyẹ̀wò yẹn. Ẹ lè pa púpọ̀ nínú rẹ̀ nínú Settings, ẹni tó bá mọ ibi tó wà ni.

Samsung ní tirẹ̀ ń ta memory àti ojú fóònù fún àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà. Láti 2011 títí di 2018 ni òun àti Apple fi wà ní kóòtù Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn àdàkọ. Síbẹ̀, nígbà tí iPhone X jáde ní 2017, Samsung ló ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí bátìrì Galaxy Note 7 ń gbiná lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní 2016, tí wọ́n kó o kúrò lọ́jà pátápátá, èrè ẹ̀ka fóònù wọn wó lulẹ̀ lóṣù mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n owó chip gbé ilé-iṣẹ́ náà dúró. Google náà kò retí pé kí Pixel, fóònù tirẹ̀, bọ́ òun. Ìpolówó ló ń bọ́ Pixel.

Ẹ má wá rò pé àìjèrè nìkan ló lè gbé ilé-iṣẹ́ ṣubú. Huawei ń jèrè, ó sì ń tà, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè é ní oṣù karùn-ún ọdún 2019. Fóònù tuntun rẹ̀ pàdánù Play Store, ó sì ta Honor, ẹ̀ka fóònù rẹ̀ kan, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Kò sí ìwé ìṣirò tó lè fi irú ìyẹn hàn yín ṣáájú.

Èwo wá ni kí ẹ rà? Fún ọdún márùn-ún, nínú iPhone, Pixel tàbí Galaxy S ni màá ti mú, torí owó mìíràn ń ti ìlérí wọn lẹ́yìn. Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje láti orí Pixel 8 ní 2023. Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí Galaxy S24 ní 2024. Ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọdún méje yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ọjọ́ tí irú fóònù náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń kà á. Èyí tí ẹ bá rà ní ẹ̀dínwó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ló kù fún yín. Ìlérí àwọn fóònù tó pọ́ọ́kú láti ọ̀dọ̀ Samsung kan náà sì lè má tó ti Galaxy S, ẹ wá orúkọ irú fóònù náà gan-an, ẹ má wo ti ilé-iṣẹ́.

Tí owó ò bá ká ìyẹn, ẹ ra ti ẹni tí èrè rẹ̀ tín-ín-rín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi ọdún mẹ́ta sọ́kàn dípò márùn-ún, kí ẹ sì gba ìpolówó náà mọ́ra. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025 ti ń ran irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní tiwọn: fóònù tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí àtúnṣe fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dẹ́kun títà á, ì báà pọ́ọ́kú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ so fóònù náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ní kó wá àtúnṣe. Tó bá jẹ́ Android, tó bá ti gba gbogbo èyí tó wà fún un tán, ẹ lọ sínú Settings, síbi About phone, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú Android security update tàbí Android security patch level. Bí ọjọ́ náà bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e padà sílẹ̀, ẹ bèèrè òmíràn.