Ṣé gáàsì èèpo ẹ̀gẹ́ lè di dísù? Ìdáhùn lórí kátálíìsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé iṣẹ́ gààrí kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. A máa ń kó èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù sínú kòtò tí a bò pa, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ni a sì fi ń yan gààrí. Ọkùnrin kan wá bá mi pé òun ń ta ìyẹ̀fun dúdú kan tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì, pé bí a bá rọ ọ́ sínú páìpù irin, tí gáàsì wa sì gba ibẹ̀ kọjá, dísù ni yóò máa kán ní ìdí páìpù. Owó tó ń bèèrè kò kéré. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ gáàsì yín di dísù bó ṣe ń ti inú kòtò jáde, bó ti wù kí ó wọ́n tó.

Iṣẹ́ alárenà ni kátálíìsì ń ṣe: ó ń mú kí gáàsì méjì tí ì bá pẹ́ kí wọ́n tó gbà fún ara wọn tètè pàdé, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá wọn lọ. Àwọn méjì tí a fi ń ṣe dísù ni kábọ́ọ̀nù mónósáìdì àti háídírójìn, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú gáàsì yín rárá. Mẹ́táànì ló pọ̀ jù níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, pẹ̀lú gáàsì imí-ọjọ́ tó ń rùn bí ẹyin òbu. A ní láti kọ́kọ́ tú mẹ́táànì náà palẹ̀ lórí kátálíìsì níkẹ́ẹ̀lì, nínú ooru tó tó 700 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ó tó di gáàsì méjì tí mo wí. Lẹ́yìn náà ni a óò mú kí ó tutù, tí a óò fún un pọ̀ dé ogún ìlọ́po ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó gba orí kátálíìsì kejì kọjá, ìyẹn irin tàbí kóbáàtì, ní nǹkan bí 200 sí 350. Páìpù kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun igi láti ilé ìlagi ni ẹ ń sun nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀, gáàsì méjèèjì ì bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ á máa dí ọ̀nà, nítírójìn inú afẹ́fẹ́ á sì gba nǹkan bí ìlàjì àyè inú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Franz Fischer àti Hans Tropsch ti ṣe é ní Jámánì lẹ́yìn 1920. Ilé iṣẹ́ Sasol ní Gúúsù Áfíríkà ti ń fi kátálíìsì irin sọ èédú ilẹ̀ di epo láti 1955. Ní Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta wa níbí, kóbáàtì ni wọ́n ń lò láti 2014. Ilé iṣẹ́ ràbàtà ni gbogbo wọn. Tiyín ńkọ́? Agbára tó wà nínú mítà kúbíìkì kan gáàsì yín kò ju ti ìlàjì lítà dísù àti díẹ̀ lé e lọ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì ṣòfò lójú ọ̀nà kí dísù tó jáde. Ní tèmi, gààrí ni kí ẹ máa fi yan lọ, kí ẹ sì fi èyí tó bá ṣẹ́kù tan jẹnẹrétọ̀.

Imí-ọjọ́ ni ọ̀tá yín, àti ti kátálíìsì pàápàá. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ti pọ̀ jù fún wọn, nígbà tí gáàsì inú kòtò lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdá, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta kátálíìsì láìbéèrè bí imí-ọjọ́ inú gáàsì yín ṣe pọ̀ tó, ọjà rẹ̀ kò yé e. Jẹnẹrétọ̀ náà kò fẹ́ ẹ, nítorí ó máa ń jẹ irin inú rẹ̀. Ẹ há wáyà bàbà kan títí yóò fi máa dán, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí gáàsì ti ń jáde. Bí ó bá dúdú, imí-ọjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ má fi imú nìkan wọ̀n ọ́n o, nítorí bó bá pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ó sì lè pànìyàn.

Irin tó ti dógùn-ún ni oògùn rẹ̀. Ẹ kó irin wẹ́wẹ́ tó máa ń jábọ́ ní ìsọ̀ àwọn ajórin, ẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi dógùn-ún pupa. Ẹ rọ ọ́ sínú páìpù rọ́bà ńlá tó dúró lóòró, kí gáàsì gba ìsàlẹ̀ wọlé kí ó sì gba òkè jáde. Bí ó ṣe ń gba imí-ọjọ́ mọ́ra ni yóò máa dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí dúdú náà bá ti kọjá ìlàjì dáadáa, ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ dà á síta gbangba, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jìnnà sí koríko gbígbẹ, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá kàn án lójijì ó máa ń gbóná débi tí ó lè gbiná. Yóò tún pupa padà, ẹ sì lè lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, títí imí-ọjọ́ yóò fi bo ojú rẹ̀ pátápátá.