Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ẹ̀rọ áísìkirímù wo ló yẹ ilé wa?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ-ọmọ márùn-ún ló máa ń wà lọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi, áísìkirímù ni wọ́n sì máa ń béèrè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi. Oríṣi méjì ló rí: èyí tí a ó kọ́kọ́ ti abọ́ rẹ̀ bọ inú fíríìsà, àti èyí tí ń fúnra rẹ̀ mú òtútù wá, tí owó rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Iná ọba kì í ju wákàtí mẹ́fà lọ lójúmọ́ ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n a ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Èwo ni kí n ní kó rà?
Ìyá Àgbà, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Mà. Ẹ bá wa sọ fún ọmọ yín pé kó fọwọ́ mú owó rẹ̀ ná, nítorí ó ku oríṣi kẹta tí kò dárúkọ fún yín, òun gan-an ni mo sì rò pé ó bá ilé yín mu.

Iṣẹ́ méjì péré ni gbogbo ẹ̀rọ áísìkirímù ń ṣe: ó ń mú kí wàrà tutù kíákíá, ó sì ń ro ó bí ẹni ń ro àmàlà títí yóò fi dì. Ara abọ́ ni yìnyín ti máa ń kọ́kọ́ dì, bí ọ̀pá inú ẹ̀rọ bá sì ń ha á kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èérún rẹ̀ kò ní ráyè tóbi, áísìkirímù náà yóò sì jọ̀lọ̀. Bí òtútù kò bá tó, tí ó sì pẹ́ kí ó tó dì, bí iyanrìn ni yóò máa rí lẹ́nu. Nítorí náà, ibi tí òtútù yóò ti wá ni ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí.

Ẹ̀rọ alábọ́ kò ní òtútù tirẹ̀. Omi àkànṣe kan wà láàárín awẹ́ méjì ara abọ́ náà, tí ó gbọ́dọ̀ dì gbagidi nínú fíríìsà tó tutù dé -18°C, fún nǹkan bíi wákàtí 18 sí 24. Òótọ́ ni pé fíríìsà tó kún fọ́fọ́ lè mú ẹran dì fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìsí iná, ṣùgbọ́n òtútù tó ń mú ẹran dì kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí ṣúgà inú wàrà kì í jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì àfi bí ó bá tutù kọjá ibi tí omi lásán ti ń dì. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí abọ́ kan ṣoṣo, owó epo yóò ju owó áísìkirímù tí ẹ bá rà ní títì lọ.

Ẹ̀rọ kejì ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì, kì í sì í sábà ju wákàtí kan lọ kí ó tó parí iṣẹ́. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120 àti 60 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), tiwa sì jẹ́ fóòtì 240 àti 50 Hz. Tiransífọ́mà lè sọ 240 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60, mọ́tò tí wọ́n sì ṣe fún 60 yóò máa yí lọ́ra, yóò máa gbóná, kò sì ní pẹ́ kó tó jóná. Ẹni tó bá ti pinnu pé irú ẹ̀rọ yìí ni òun fẹ́, kó wá ẹbí tó wà ní London tí yóò bá a rà á, nítorí iná wọn àti tiwa bára mu, kódà ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Bó bá sì délé, kó gbé e kalẹ̀ ní òró fún ọjọ́ kan gbáko kí ó tó fi sí iná, kí òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè padà sáyè rẹ̀.

Oríṣi kẹta ni korobá tí a ń fọwọ́ yí. Ní ọdún 1843 ni obìnrin kan ní Philadelphia, Nancy Johnson, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di òní. Agolo irin wà láàárín korobá, wàrà ń bẹ nínú agolo, yìnyín fífọ́ àti iyọ̀ sì yí agolo náà ká. Iyọ̀ ló ń mú kí yìnyín máa yọ́. Bí ó ti ń yọ́, ara wàrà ló ti ń gba ooru tó fi ń yọ́, omi iyọ̀ náà sì lè tutù dé nǹkan bíi -21°C, èyí tó ju òtútù fíríìsà ilé lọ. Ife iyọ̀ kan sí ife yìnyín márùn-ún dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún onínáwó, ẹ fi iyọ̀ tí kóró rẹ̀ tóbi sí i, kí àwọn ọmọ máa gba ọwọ́ rẹ̀ yí lọ́wọ́ ara wọn fún bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ márùn-ún kò ní jẹ́ kó rẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ọmọ yín wo èyí tí agolo rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tí ọ̀pá rẹ̀ sì ń fara kan ara agolo dáadáa. Ẹ máa nu ọmọrí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, kí iyọ̀ má baà kán sínú wàrà, ẹ má sì da omi iyọ̀ náà sídìí ẹ̀fọ́ o.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ alábọ́ ni a rà ní tiwa, iná sì ń ṣe déédéé ládùúgbò wa. A ti abọ́ bọ fíríìsà láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀rọ yí fún ogójì ìṣẹ́jú, síbẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu ni ó rí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?
Baálé Ilé, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Láti àárọ̀ di alẹ́ kò ju wákàtí 12 lọ. Ẹ gbọn abọ́ náà létí kí ẹ tó lò ó: bí ẹ bá gbọ́ tí omi ń mì nínú rẹ̀, kò tíì dì. Lẹ́yìn ìyẹn, wàrà náà gbọ́dọ̀ ti sùn nínú fíríìjì mọ́jú. Ẹni tó bá da wàrà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí abọ́ ti fi òtútù abọ́ ṣòfò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì wú. Ẹ kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ kí ẹ tó dà á sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dì mọ́ ọ̀pá. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, rírọ̀ ni yóò ṣì jáde. Wákàtí mélòó kan nínú fíríìsà ni yóò sọ ọ́ di líle.

Ìbéèrè: Mi ò lówó ẹ̀rọ kankan o. Ṣé mo lè fi blẹ́ńdà ṣe é?
Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀bẹ rẹ̀ ń yára jù, ó ń mú ooru wá, àwọn blẹ́ńdà kékeré kò sì lágbára láti lọ yìnyín líle. Yá míṣà àfọwọ́mú tí àwọn oníkéèkì ń lò. Lu kirímù tútù títí yóò fi dúró gan-an, fi mílíìkì dídùn inú agolo pò ó díẹ̀díẹ̀, bò ó, kí o sì gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ tí o ti lù sínú kirímù ni kò ní jẹ́ kí ó le bí òkúta.