Ṣé Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn Garifuna?

Rárá o, Kátólíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ ohun tí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kan ṣe fún wọn kì í ṣe kékeré. Erékùṣù St. Vincent ní Caribbean ni ẹ̀yà yìí ti ṣẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà àti àwọn Kalinago onílẹ̀ ló jọ bí wọn. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ilẹ̀ wọn fi gbin ìrèké, wọ́n jà títí, Joseph Chatoyer olórí wọn kú sójú ogun ní March 1795, nígbà tó di 1797 wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ ojú omi lọ já wọn sí Roatán ní Honduras, bíi 2,000 péré ló gúnlẹ̀ láàyè, torí àìsàn ti pa ọ̀pọ̀ wọn ní Baliceaux, erékùṣù kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí, kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó máa ń dùn mí gan-an. Látibẹ̀ ni wọ́n ti tàn dé Belize, Guatemala àti Nicaragua.

Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tí mò ń sọ ni Thomas Vincent Ramos, tíṣà ni, ó sì ń wàásù ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Honduras ni wọ́n bí i sí, Dangriga ní Belize ló wá tẹ̀dó sí. Ní 1941, òun ló ṣe agbátẹrù ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ àwọn Garifuna sí Belize. Títí dòní, tó bá ti di November 19, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi wọlé láàárọ̀ kùtù, ìlù á máa dún, ẹ̀gẹ́ á wà nínú ọkọ̀, bí àwọn bàbá wọn ṣe gúnlẹ̀ gẹ́lẹ́.