Ère Màríà tí mo fọ́ nílé màmá mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní pásítọ̀ yín sọ pé òrìṣà ni ère Màríà tí ìyàwó yín gbé wọlé, pé kí ẹ lọ gbé e dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Ilé Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, l'Ékìtì. Nígbà tí mo wà ní poli ni mo wọ ìjọ kan, wọ́n sì sọ fún mi níbẹ̀ pé ère orí tábìlì màmá mi ló dí mi lọ́nà. Mo wálé lọ́jọ́ ọjà, màmá ò sí nílé. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi ọmọ odó fọ́ ọ. Kí n má purọ́, mo ti ń retí pé màá bá nǹkan nínú ẹ̀. Wáyà tó ti dípẹtà ni mo bá, àti ẹ̀tù funfun bí ẹfun tó dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni màmá dé. Wọ́n wo àfọ́kù, wọn ò pariwo, wọ́n gbálẹ̀. Nígbà tí àsìkò àdúrà tó, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú tábìlì òfìfo yẹn, wọ́n mú rósárì wọn, wọ́n kà á parí bí wọ́n ṣe máa ń kà á. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ara mi ò lélẹ̀. Tó bá jẹ́ ère ni wọ́n ń bọ, ta ni wọ́n wá ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Mo mọ ibi tí pásítọ̀ yín máa kà fún yín: Ẹ́kísódù 20, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí a má yá ère. Ẹ ní kí wọ́n ka 25 náà, níbi tí Ọlọ́run kan náà ti ní kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Kí wọ́n ka Númérì 21, níbi tí Mósè ti fi idẹ rọ ejò. Ṣùgbọ́n kí àwọn Àgùdà má tíì pàtẹ́wọ́ o: ejò yẹn náà ni Hesekáyà fọ́ túútúú nínú Àwọn Ọba Kejì 18, torí wọ́n ti ń sun tùràrí sí i. Idẹ yẹn ṣì ni idẹ tí Mósè rọ; ohun tí wọ́n ń fi ṣe ló yí padà.

Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Nísíà ní 787 ti là á pé ti Ọlọ́run nìkan ni ìjọsìn, pé ọ̀wọ̀ lásán ni ti àwòrán, ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀ ló sì ń gba ọ̀wọ̀ náà. Àwa tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa. (Bàbá máa ń ní kí n dìde, ère kì í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mi ò tíì bá àwọn Àgùdà dé.) Nílé wa níbí, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ní 1947 ni Fadá Kevin Carroll bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn agbẹ́gilére jọ, tí wọ́n ń gbẹ́ Màríà àti àwọn ọba tó wá kí Jésù jòjòló. Lamidi Fákẹ́yẹ wà lára wọn, Mùsùlùmí ni. Ó gbẹ́ ẹ, kò bọ ọ́.

Ohun tó là mí lójú gan-an rèé. Lẹ́yìn tí mo fọ́ ti màmá, mo lẹ fọ́tò olùdásílẹ̀ ìjọ wa mọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi, wọ́n ní olè ò ní wọlé. Lóru ọjọ́ kan, òjò ṣí i. Oorun dá lójú mi. Aago méjì òru, mo dìde, mo ń fi ẹ̀bà àná lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ̀bà! Èmi tí mo ní màmá mi ń bọ̀rìṣà.

Torí náà, ìyàwó yín ni kí ẹ bi léèrè: tí ère yẹn bá fọ́ lọ́la, ṣé wọ́n á ṣì lè gbàdúrà? Tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ẹ jókòó, ẹ jọ sọ ọ́. Tí wọ́n bá kàn rín yín rẹ́rìn-ín, ẹ fi ère sílẹ̀ níbi tó wà. Kí ẹ sì yẹ ilẹ̀kùn tiyín náà wò.

Mo ra òmíràn fún màmá lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Imú tèyí ti gùn jù."