Àpótí Ìbéèrè: Dídarí Ohùn Kọ̀ǹpútà Láìfọwọ́ Kan Máòsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tí Ubuntu wà nínú rẹ̀, ni mo fi ń gbọ́ ìwàásù lálẹ́ títí oorun yóò fi gbé mi lọ, ṣùgbọ́n ojú mi kò ríran tó láti máa wá àmì ohùn tín-ín-tín yẹn kiri mọ́. Ọmọ mi ní mo lè kọ àṣẹ sí i láti dín ohùn rẹ̀ kù, àti pé ó tilẹ̀ lè ka lẹ́tà fún mi. Ṣé òótọ́ ni?
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí Terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, lè ṣí. Bí lẹ́tà ibẹ̀ bá kéré lójú yín, Ctrl, Shift àti + yóò mú un tóbi. Ẹ wá kọ èyí, kí ẹ sì tẹ Enter:

amixer set Master 40%

Ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ Master (ìyẹn ohùn kọ̀ǹpútà lápapọ̀), nítorí kọ̀ǹpútà kò gba master. Bí ẹ bá fi 5%- rọ́pò 40%, ohùn yóò rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. 5%+ ni yóò gbé e sókè. Ní ti oorun yín, èyí ni mo fẹ́ràn jù:

sleep 1800; amixer set Master mute

Ìṣẹ́jú àáyá 1800 jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn èyí tí kọ̀ǹpútà yóò pa ẹnu mọ́ fúnra rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ fi unmute sípò mute, kí ẹ má baà rò pé sípíkà ti bàjẹ́.

Ní ti ìwé kíkà, kí ọmọ yín fi sudo apt install espeak-ng gbé ètò náà wọlé. Bí lẹ́tà náà bá jẹ́ fáìlì leta.txt nínú Home, ẹ kọ:

espeak-ng -s 120 -f leta.txt

Ọ̀rọ̀ 175 ni ètò yìí ń kà ní ìṣẹ́jú kan bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un, ìyẹn sì yára jù fún etí àgbà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ 120. Ẹ lè fi -a 150 kún un kí ohùn kíkà náà lè ròkè ju 100 tó ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kíkà yàtọ̀ sí Master: bí Master bá wà ní mute, kò sí iye tí ẹ lè kọ síwájú -a tí yóò mú kí ẹ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fún un o, nítorí ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń lò kò mọ àmì ohùn wa, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò sì yàtọ̀ síra lẹ́nu rẹ̀.