Ẹ má fi òróró pa sófà aláwọ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ra sófà aláwọ àlòkù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ de Sede ti Swítsàlandì ló ṣe é ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, DS-600 ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ méjìlá ni, síìpù la fi so ọ̀kan mọ́ èkejì. Awọ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń sán lórí ìjókòó, ìyẹ̀fun rúsúrúsú kan sì ń jábọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa fi òróró ólífì pa á lóṣooṣù kí awọ náà lè rí oúnjẹ jẹ. Ìyàwó mi ní òrí ló dára jù. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ má mú ìkankan.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta àga olówó ńlá tí wọ́n ń fi irú ìmọ̀ràn yẹn ṣe ẹ̀bùn. Awọ tiwa tó wà lára wa, ó yè. Bí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, òrí á ràn án lọ́wọ́, ara fúnra rẹ̀ á sì tún ara rẹ̀ ṣe. Màlúù tó ni awọ orí sófà yín ti kú láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Awọ yẹn kì í jẹun, òùngbẹ kì í sì í gbẹ ẹ́.

Ọ̀rá tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe awọ ti fi sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iyọ̀ chromium tàbí omi èèpo igi sọ awọ tútù di èyí tí kì í jẹrà, wọ́n á dà á sínú àgbá ńlá tó ń yí, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n ti pò mọ́ omi, títí ọ̀rá náà á fi wọ àárín àwọn fọ́nrán awọ. Èyí tí ẹ bá fi àkísà nù sí i lójú ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí òróró ólífì máa ń ṣe ni pé ibi tó bá ti wọlé á dúdú ní àbàwọ́n-àbàwọ́n, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá sì pẹ́, á dìkàsì, á máa rùn. Àdín àgbọn àti òrí náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Èyí tó burú jù ni pé tí oníṣẹ́ bá wá fẹ́ dí ojú sísán náà kó sì kùn ún, ọ̀dà ò ní mú lórí ọ̀rá. Mo ti rí àga tó ṣeé tún ṣe tẹ́lẹ̀ tí òróró ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ìyẹ̀fun tó ń jábọ́ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bi mí. Ó jọ pé fóòmù ni. Fóòmù polyurethane máa ń darúgbó: afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi rún. Tó bá ti rún, kò sí ohun tó gbé awọ ró mọ́. Ẹni tó bá jókòó, awọ á ká, ibi tó ń ká sí lójoojúmọ́ náà ni yóò sì sán. Mi ò tíì fojú rí sófà yín o, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọ̀ nípa àga àtijọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ bo imú yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1988 lórí àga ilé ní Ìlú Ọba ní kí oníṣòwò tó bá ń ta àga àlòkù rí i pé ó bá ìlànà ìdènà iná mu, àfi èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1950. Ọdún 1972 ni Ueli Berger, Eleonora Peduzzi Riva, Heinz Ulrich àti Klaus Vogt ya DS-600, torí náà kò sí lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Kí fóòmù tuntun tẹ́ ẹ máa fi sí i jẹ́ èyí tó bá òfin náà mu.

Oore tí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe wá ni síìpù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò fẹ̀ ju nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ sì lè tú èyí tó bà jẹ́ jù, kẹ́ ẹ gbé òun nìkan lọ fún oníṣẹ́, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé ìyókù fún un. Tí síìpù bá há, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ fi ìda oyin díẹ̀ ra eyín rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú awọ tó jẹ́, ẹ kán omi ẹ̀kán kan sí ojú awọ náà, lábẹ́ sófà níbi tí ojú ò tó. Tó bá wọlé kíá tí ibẹ̀ sì dúdú, aniline ni, ìyẹn awọ tí wọ́n rẹ sínú aró tí wọn ò fi ọ̀dà bò lójú. Tí omi bá dúró lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dà ló wà lójú awọ, bóyá ọ̀dà náà nìkan ló sì sán. Ìdánwò yìí lè tan yín, torí awọ aniline tí ọ̀rá ara èèyàn ti wọ̀ fún ọdún púpọ̀ lè má fa omi mọ́.

Ní ti ìmọ́tótó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun tí omi ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára rẹ̀ nù ún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má lo ọṣẹ dúdú. Eérú ni wọ́n fi ń sè é, ó le jù fún awọ, torí awọ máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú, eérú sì máa ń ṣe òdì sí ásíìdì. Ẹ sún un kúrò lẹ́bàá hítà àti lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Tẹ́ ẹ bá sì ti fi òróró pa ẹyọ kan lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí mi, ẹ sọ fún oníṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì fi ẹyọ tó jẹ́ hàn án.